Òpó Méjì Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀gá Pátápátá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Bí ẹ ò bá ṣe é rí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá jókòó tì wá. Ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, máníjà ilé ìtajà aṣọ ni. Máníjà ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, máníjà náà ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó débẹ̀ tó fi lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe òun ní máníjà mọ́, nítorí máníjà ti pọ̀ jù láyé. Ọ̀gá Pátápátá ni kí wọ́n máa pe òun. Wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa bó nítorí orúkọ.

Ní gbogbo àárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá Pátápátá á wá máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ kan, ìdúró, ẹsẹ̀ kan, ìdúró, àfi bí ẹni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ á máa lọ níwájú pẹ̀lú fáìlì kan tí kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni igbákejì yìí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí fún odidi ọdún mẹ́rin tí òun àti ọ̀gá ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí gbólóhùn kan tó sọ fún un tí kò fi "bẹ́ẹ̀ni, sà" bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá bi í pé aago mélòó ló lù, á ní, "Bẹ́ẹ̀ni, sà, aago mẹ́jọ."

Ohun kan tún wà tí gbogbo wọn mọ̀ tí wọn kì í sọ. Ọmọlangidi gíga kan wà nínú ilé ìtajà náà, aláyà gbẹ̀ǹdẹ̀, tí wọ́n máa ń wọ aṣọ tó dára jù lọ fún kí oníbàárà lè rí i. Bí Ọ̀gá Pátápátá bá ní òde pàtàkì, á bọ́ aṣọ lára ọmọlangidi, á wọ̀ ọ́ lọ, á sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní àyẹ̀wò lòun ń ṣe, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ náà lè dúró láwùjọ. Ní gbogbo àsìkò àyẹ̀wò yìí, kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú kan ni wọ́n máa ń ró mọ́ ọmọlangidi lára, á wá dúró bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti balùwẹ̀ jáde. Ẹ má pè é lólè o. Èmi náà ò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tó yá, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dín lórí pẹpẹ: ìbọ̀sẹ̀ níhìn-ín, bẹ́líìtì lọ́hùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà kan ló ni ilé ìtajà náà, Màmá Olùdásílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúnkún kì í jẹ́ kó wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mọ́. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó máa ń ké bí ẹnìkan bá gbé ọjà jáde láìsanwó. Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé iṣẹ́ kékeré fún ẹni tó rò pé òun tóbi, kí ẹ wá wo ohun tí yóò fi ṣe.

Ẹnjiníà tó wá ri ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé òpó funfun méjì nàró sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó kó ike kéékèèké jáde, èyí tó tó bọ́tìnnì kóòtù, ó ní táàgì ni wọ́n ń pè é, pé ara aṣọ ni wọ́n máa ń kàn án mọ́, bó bá sì ti dé àárín òpó méjèèjì, òpó á ké. Ó wá mú òòfà wúwo kan jáde, ó ní ohun tí wọ́n fi ń tú táàgì nìyẹn bí oníbàárà bá ti sanwó tán.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ní, sà," ló wí. "Àkọ́kọ́, ẹ má fi aṣọ tó ní táàgì sí ìtòsí òpó. Ìṣísẹ̀ méje, ó kéré tán. Ìkejì, ẹ jẹ́ kí òòfà wà ní káńtà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta, bó bá ké, ẹ fara balẹ̀, ẹ bi èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ yìí ò mọ olè o, sà. Táàgì ló mọ̀."

Ọ̀gá Pátápátá rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀yìn.

"Ẹnjiníà," ó ní, "èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi tí mo ti jókòó ní ìpàdé tí wọ́n gbé omi inú ìgò síwájú olúkálukú, èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ìkópa mẹ́rin nínú férémù, ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ bí òpó ṣe ń dúró? Òpó yìí dúró nítorí mo ní kó dúró. Yóò ké nígbà tí mo bá ní kó ké. Ẹni tó bá sì ké mọ́, èmi ni n ó sọ ohun tó jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà fèsì, "òpó gan-an ti gbọ́."

Ẹnjiníà wo òpó, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti kọ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, kí ló tún kù ká pè é? Bó ṣe ń jáde lọ, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé pélébé kan, ó fi fún Ìyá Káńtà. Obìnrin yìí ti wà nídìí káńtà fún ọdún mọ́kàndínlógún, láti ìgbà tí Màmá Olùdásílẹ̀ ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọrùn oníbàárà. Òun nìkan ló rántí fún ẹnjiníà ní àga láti àárọ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀ ìṣàkóso. Ó ní agbára tí wọ́n bá pín ti di èérún, nítorí náà òòfà kan ṣoṣo ni kí wọ́n lò, kó sì wà lórí tábìlì òun lókè, lórí aṣọ pupa. Ẹni tó bá ra nǹkan nísàlẹ̀, tó sì sanwó, á gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjìlélógún lọ bá Ọ̀gá Pátápátá kó tó lè mú ọjà rẹ̀ lọ. Ọ̀gá á wo ojú onítọ̀hún. Á wo aṣọ. Á bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Á wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òtítọ́ àti ìwà rere, lẹ́yìn náà ni yóò fi òòfà kan táàgì, tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà á sì pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Àwọn èèyàn tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tòun ti rìsíìtì lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ra bẹ́líìtì nítorí ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́. Ó ti sanwó bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n kò lè dè é, táàgì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi di ṣòkòtò mú, ọwọ́ kejì ló fi di bẹ́líìtì mú, kò wá ní ọwọ́ tó máa fi di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú. Nígbà tó dé iwájú ọ̀gá, wọ́n ní kó kọ́kọ́ na ọwọ́ kó bọ Ọ̀gá Pátápátá lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ òsì, ó wo ọ̀tún, ó ju bẹ́líìtì sílẹ̀, ó sì yíjú padà lọ sílé. Èmi ò dá a lẹ́bi.

Ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀gá Pátápátá ní kí wọ́n gbé ọmọlangidi kúrò láàárín ilé, kí wọ́n gbé e sún mọ́ òpó apá ọ̀tún gan-an, kí àlejò má baà wọlé láìrí ẹni tó jọ òun. Súùtù búlúù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà, ni wọ́n wọ̀ fún un. Wọ́n kan táàgì mọ́ inú ọwọ́ kóòtù náà lápá òsì, bí wọ́n ṣe kan án mọ́ gbogbo aṣọ. Ó wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọlangidi láìgba àṣẹ òun.

Òfin ló kàn. Ó fúnra rẹ̀ pè é, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń kọ ọ́:

"Òfin Òpó. Ẹnikẹ́ni tí òpó bá ké mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olè ni. Kò sí àlàyé. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni yóò fi ilé ìtajà yìí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní, "kí ẹ sì fi kún un pé, 'ìbáà ṣe Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀.' Á dùn létí."

Inú ọ̀gá dùn sí i débi pé ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi férémù sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Onígbálẹ̀ ni òfin náà kọ́kọ́ bà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, òun ló ń nu ilẹ̀ ibẹ̀. Bó bá ti nù ún tán ní gbogbo àárọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì sílẹ̀ gbayawu, á sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tì í kí atẹ́gùn lè gbẹ ilẹ̀. Atẹ́gùn wọlé láti ojú títì. Ó gbé ọwọ́ kóòtù ọmọlangidi, ọwọ́ kóòtù fì síwájú òpó, òpó ké. Ta ló wà láàárín òpó méjèèjì? Bàbá Onígbálẹ̀, tòun ti ọ̀pá ìnulẹ̀. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti ké mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n tú àpò rẹ̀. Ìnujú kan àti gíláàsì ojú rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá ní òfin sọ pé kò sí àlàyé. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń polówó ọjà jáde sí ojú títì, ó sì kígbe sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí gbogbo èèyàn bá òun wo olè. Àwọn aládùúgbò gbọ́. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn gbọ́. Àna ọkùnrin náà kan wà lára àwọn tó ń kọjá lọ, òun náà gbọ́, ó sì dojú bolẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Onígbálẹ̀ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìyá Káńtà gun òkè lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìwé pélébé ẹnjiníà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹnjiníà sọ pé kí aṣọ tó ní táàgì má sún mọ́ òpó. Ọmọlangidi yẹn ló ń..."

"Ṣé ọmọlangidi mi ló jalè?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo ní bóyá kò sí ẹni tó jalè ni."

Ọ̀gá Pátápátá dìde. "Ìyá Káńtà, ọdún mélòó lẹ ti lò níbí?"

"Mọ́kàndínlógún, sà."

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń gbèjà olè, ká máa ṣọ́ ọ."

Wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òpó fi ké mọ́ òun náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún ìyá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ìgbà kejì, ó di ọwọ́ baba arúgbó kan mú kọjá ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí èèyàn bá ṣí fún ọmọnìkejì ni atẹ́gùn máa ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ ọ́ sínú fáìlì: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ìyẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tó wọ inú fáìlì náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ọ̀gá Pátápátá wá rí i pé oore ńlá ló bọ́ sí òun lọ́wọ́. Màmá Olùdásílẹ̀ máa wá lọ́jọ́ Ẹtì fún àbẹ̀wò ọdọọdún. Ó pinnu pé ọjọ́ náà lòun máa ṣí òpó ní gbangba, pé Ìyá Káńtà lòun sì máa ní kó kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀. Òpó á ké lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá á fojú ara rẹ̀ rí bí òun ṣe ń lé olè, ó ṣeé ṣe kó gbé òun ga sí i. Ó kọ lẹ́tà sí Ìyá Káńtà: kó wá ní aago mẹ́wàá, kó dúró níta, kó má wọlé títí wọ́n á fi pè é.

Ọkọ Ìyá Káńtà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ka lẹ́tà náà níbi tí wọ́n ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́.

"Má lọ," ó ní. "Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Jókòó sílé, sọ pé orí ń fọ́ ẹ."

"Tí mi ò bá lọ ńkọ́, Bàbá? Mo ti gbà pé mo jalè nìyẹn."

"Tó bá wá ké ńkọ́?"

Obìnrin náà kó àwo jọ.

"Tó bá ké, wọ́n á pariwo mi lójú títì bí wọ́n ṣe ṣe Bàbá Onígbálẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò mú òwú lásán wálé. Orúkọ nìkan ni mo rí kó jọ níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo máa lọ."

"Ó dáa," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo máa sìn ẹ́ débẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ní aago mẹ́sàn-án, Ọ̀gá Pátápátá wà lókè nínú ọ́fíìsì rẹ̀, nínú ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ wá láti ilé, ó ń wo ara rẹ̀ nínú jígí. Ojú rẹ̀ kò gbà á. Irú ọjọ́ báyìí gba súùtù búlúù. Ó ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ bọ́ ọ lára ọmọlangidi wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti ríran lọ síwájú. Ẹ farabalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ ná.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ró kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú mọ́ ọmọlangidi, ó sì gbé súùtù gòkè. Ó ń bá ọ̀gá na ọwọ́ kóòtù nígbà tó rí ike funfun kékeré kan nínú ọwọ́ òsì. Òòfà wà lórí tábìlì níwájú wọn. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa gbà.

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "táàgì kan..."

"Bẹ́ẹ̀ni-Sà, mo ń há ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí. Ṣé o fẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo òòfà. Ó wo ọ̀gá. Ọdún mẹ́rin gbáko dì mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ló wí.

Wọ́n jáde, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì sì fúnra rẹ̀ tì pa lẹ́yìn wọn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò tí ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Nísàlẹ̀, àga ti kún. Màmá Olùdásílẹ̀ jókòó níwájú, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún méjèèjì. Ẹnjiníà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè é kó wá pàtẹ́wọ́. Àwọn oníbàárà àti àwọn aládùúgbò dúró títí dé ojú títì. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì sílẹ̀ gbayawu nítorí èrò, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ kọ́tìnnì ara ọmọlangidi lu òpó, òpó ò sì sọ nǹkan kan. Ẹnjiníà nìkan ló kíyè sí i.

Ọ̀gá Pátápátá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó ní kí wọ́n tó gbé òpó yìí dé, ayé wà nínú òkùnkùn. Ó ní òpó yìí kò mọ ẹbí, kò mọ ará, kì í purọ́, kì í gba rìbá. Ó ka Òfin Òpó láti orí dé ìdí, nígbà tó dé ibi "ìbáà ṣe Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀", ó dúró kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì pa á títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀gá wá nàka sí ẹnu ọ̀nà.

"Obìnrin kan wà níta tí òpó ti mọ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó máa sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọlé."

Ìyá Káńtà já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rìn dé àárín òpó méjèèjì, ó di ojú rẹ̀, ó sì dúró.

Òpó dákẹ́.

"Padà sẹ́yìn," ọ̀gá ní. "O yára jù. Tún wọlé."

Ó tún wọlé. Òpó dákẹ́. Ó ní kó gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e, kó yí po, ó yí po. Ìyá Káńtà la ojú rẹ̀. Ó wo ọmọlangidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kọ́tìnnì lára. Ó wá wo súùtù lára ọ̀gá rẹ̀.

"Wọ́n ò tan iná rẹ̀ ni," Ọ̀gá Pátápátá ní. "Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi wò ó." Ó fi ọ̀wọ̀ ti Ìyá Káńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ni pé ó tì í, ó sì gbé ẹsẹ̀ sáàárín òpó méjèèjì.

Òpó ké. Ó ké débi pé ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá fò sẹ́yìn, òpó dákẹ́. Ó wò yíká, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín gbígbẹ, ó tún gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Òpó tún ké.

"Ẹ̀ẹ̀kejì," ohùn kan ní láti ojú títì. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ni.

"Ó ti bàjẹ́!" Ọ̀gá Pátápátá ní. "Bẹ́ẹ̀ni-Sà, wá kọjá." Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọjá, òpó ò wò ó. "Ṣé ẹ rí i? Ó ti bàjẹ́." Ó na ọwọ́ òsì láti na òpó ní ìkúùkù. Ọwọ́ tí táàgì wà nínú rẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta," gbogbo èrò tó wà níta jọ wí.

Màmá Olùdásílẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ariwo rọlẹ̀.

"Ẹnjiníà, kí ló ṣe ẹ̀rọ náà?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mà. Táàgì wà nínú ọwọ́ kóòtù wọn."

"Kóòtù ta ni?"

Màmá wo ọmọlangidi inú kọ́tìnnì, ó wo Ọ̀gá Pátápátá, ó sì mi orí. "Mo ti ń wò ó láti àárọ̀ pé ejìká rẹ̀ fẹ̀ jù ẹ́," ó ní. "Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ṣé o ti rà á?"

"Àyẹ̀wò ni, Mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Àlàyé?" Màmá yí sí ara ògiri níbi tí férémù wà. "Ìyá Káńtà, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Bá mi ka ìlà kejì."

Ìyá Káńtà kà á. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "'Kò sí àlàyé,' Mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ yìí mọ olè?"

"Rárá, Mà. Táàgì ló mọ̀. Mo sọ fún wọn."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló lé Bàbá Onígbálẹ̀." Màmá tẹjú mọ́ ọ̀gá. "Ìwọ ni. Mi ò ní pè ẹ́ lólè, mi ò fẹ́ jọ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ òfin, ìwọ lo sì fi orúkọ ara rẹ sí i. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Fi kóòtù mi sílẹ̀, kó o máa lọ."

Ọ̀gá Pátápátá ní òun ò lè bọ́ ọ, pé aṣọ òun wà lókè, pé ilẹ̀kùn ti tì, kí wọ́n mú òòfà wá. Wọ́n ní òòfà náà ńkọ́? Ó ní ó wà lókè. Òòfà kan ṣoṣo. Ó wá yíjú sí ẹni kan tí kò já a kulẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo Màmá, ó wo èrò, ó sì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí kò fi "bẹ́ẹ̀ni" bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

"Ẹ bọ́ ọ, sà," ló wí.

Ó bọ́ ọ. Kóòtù kọ́kọ́ kúrò lára, ṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ àti ṣòkòtò tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà sì ṣẹ́kù nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, pátá àti ìbọ̀sẹ̀, ó kéré ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ìyá Káńtà ló tú kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú kúrò lára ọmọlangidi, ó sì fi bò ó ní ejìká.

"Ẹ dì í mú dáadáa, sà," ó ní. "Atẹ́gùn wà níta."

Ó di kọ́tìnnì mú, ó gba àárín òpó méjèèjì jáde. Òpó ò ké. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo lè dá ìtàn yìí dúró síbí, inú yín á sì dùn. Ṣùgbọ́n Ìyá Káńtà, tí Màmá ní kó máa mójú tó ilé ìtajà náà, ṣì ní nǹkan kan tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sílé Bàbá Onígbálẹ̀, ó sì mú un wá. Ọkùnrin náà dé ojú títì, ó dúró níbẹ̀, kò wọlé.

"Wọ́n gbà mí padà, mo dúpẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ pé mo jalè pọ̀, Ìyá. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Ìyá Káńtà wọlé, ó bá Bẹ́ẹ̀ni-Sà nídìí káńtà, ẹni tó ti ń pè é ní Ìyá Wa Pátápátá láti àárọ̀. Ó ní kó dákẹ́ ìyẹn. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó sì sọ ohun tó máa sọ àti iye ìgbà tó máa sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ni, mà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà fèsì.

Ó jáde sí ojú títì, ó sì kígbe pé Bàbá Onígbálẹ̀ kò jalè, pé kò jí nǹkan kan rí, pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn dúró gbọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò yọjú ní fèrèsé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kígbe olè, ọkùnrin náà sì dúró títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀kẹta. Nígbà náà ló wá wọlé. Ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi tó dojú rẹ̀ dé sí, ó fi í ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ láàárín òpó méjèèjì.